‘JẸ’ LỌ́DỌ̀ WA, ‘YEMEK’ LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ARÁ TỌ́KÌ

Àbúrò mi kan tí ó lọ kàwé ní ìlú Ankara ni ó fi ìwé atúmọ̀ èdè Tọ́kì ta mí lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe yemek ni mo kọ́kọ́ ṣí bá. Ye ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, ‘jẹ’ ni ó sì túmọ̀ sí; àfòmọ́ ẹ̀yìn ni -mek. Yemek kan náà ni wọ́n ń pe oúnjẹ.

Bí mo ti ń kà á lọ ni ẹnu ń yà mí. Ẹni tí a bá nà, àwọn ará Tọ́kì a ní ó ‘jẹ’ lílù, bí àwa ti ń wí pé ó jẹgba. Wọ́n a máa ‘jẹ’ rìbá. Ẹni tí ó bá sì rẹ́ni jẹ, ẹ̀tọ́ onítọ̀hún ni ó ‘jẹ’.

Inú mi dùn dé kíláàsì. Mo là á mọ́lẹ̀ pé ìyá kan náà ni ó bí èdè méjèèjì, mo sì fi kún un pé je gan-an ni àwọn Kyrgyz, ìbátan Tọ́kì, ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ẹ̀rí?” Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó jókòó.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo tún ìwé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lára òkúta tí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí fún Tonyukuk ní Mòngólíà ní ọ̀rúndún kẹjọ, níbi tí ó ti ń ròyìn bí wọ́n ti ń jẹ ẹran ìgbẹ́ àti ehoro. Mahmud al-Kashgari náà kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní àwọn ọdún 1070. Ní ti je, ìró y ti Tọ́kì a máa di j lẹ́nu Kyrgyz: yol, ‘ọ̀nà’, ni wọ́n ń pè ní jol. Kò kan Yorùbá rárá. Ìtumọ̀ pàápàá máa ń yà: mirasyedi, ‘ẹni tí ó jẹ ogún’, àpà ni lọ́dọ̀ wọn, lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó jogún kò tíì ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi lójú gbogbo kíláàsì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ fi í sọ́kàn: ìjọra kì í ṣe ìbátan. Kò sí ìran tí kì í jẹun, kò sì sí èyí tí ìyà kò wọlé tọ̀ rí. Ìyẹn tó láti mú ọ̀rọ̀ méjì tí kò mọra gba ọ̀nà kan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá bèèrè ẹ̀rí, ẹ má ṣe ní kí ó jókòó.