Ayọ̀ ọdún 57

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ footy díẹ̀, bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà. Ní Melbourne tí mo ń gbé, bí ẹ̀sìn ló rí o.

Lọ́dún 2019, èèyàn 100,014 ló wo àṣekágbá ní pápá MCG. Nígbà tó di oṣù kẹta 2020, Richmond àti Carlton gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, òǹwòran kan ṣoṣo ò sí. Kòrónà ti dé.

Àmọ́ ti 2021 ló dùn mí jù. Ẹgbẹ́ Melbourne ò gba ife láti 1964. Bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, ọmọ ọdún 9 ni wọ́n nígbà yẹn. Kónílé-ó-gbélé wà nílùú wa, ni wọ́n bá gbé àṣekágbá lọ sí Perth. Èèyàn 61,118 wọlé síbẹ̀. Wọ́n sì ti ti ẹnubodè wọn mọ́ wa.

Melbourne na Western Bulldogs. Bàbá ò lè lọ, ọmọ wọn gan-an ò lè wá bá wọn wò ó nílé. Bí eré ṣe parí, mo gbọ́ igbe wọn láti ara ògiri. Mo lu ògiri padà fún wọn.

Ẹni tó bá ní tẹlifíṣàn ti tó, kó lọ bi Bàbá. Irú ayọ̀ yẹn kì í ṣe àdájẹ.