Owó Ọkọ̀ Kò Ṣeé Yà ní Fọ́tò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní tiwa, owó kẹ̀kẹ́ NAPEP gan-an ni ọ̀rọ̀ náà já sí.

Àwa méjìlá là ń lọ kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìwé kíkà ní Sabon Gari, Zaria, ní ọjọ́ Sátidé. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ, bí àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í náni lówó. Irọ́ ni o!

₦500 ni owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Àwọn àgbà àdúgbò a máa fún wa ní ìwé, bírò àti bísíkíìtì. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ta èèyàn lọ́rẹ owó ọkọ̀? Kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó wà lọ́wọ́ akápò wa ní báǹkì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kò sì gba owó àfiránṣẹ́. Sátidé mẹ́ta la kò fi lọ. Nígbà tí ìjọba tún kéde ní 29 oṣù kárùn-ún ọdún náà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó kẹ̀kẹ́ fò sókè.

Àwọn tí ọwọ́ wọn dẹ díẹ̀ nínú wa ń san owó ọkọ̀ fúnra wọn láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ìwà rere ni, ṣùgbọ́n ìwé owó wá ń purọ́: ó ń sọ pé ₦6,000 tó wa lò lóṣù. Àwọn tí kò ní ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn, pé ìdánwò ti dé. Ìtìjú ni. Kí a tó mọ̀, ó ku àwa méje.

Akọ̀wé owó wa, ẹni tí kì í fi kọ́bọ̀ ṣeré, ló ní kí a máa kọ gbogbo owó ọkọ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà san án, kí a sì fi ìwé náà han àwọn àgbà. Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń náwó tó báyìí, bísíkíìtì la wá ń kó fún yín?”

Bàbá ti gba owó àlọ rù. Mẹ́ta nínú àwọn tó lọ ti padà. Ó ku owó àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa gbé e, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé la máa ń gbéra ní Samaru.