Àgbọn Tútù: Oúnjẹ Gidi Ni, Kì í Ṣe Oògùn Gbogbo Àìsàn

Àwa ará ilé kan ní Sanson, lábẹ́ kọ́múùnù Tchaourou, ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbọn la mú wá lónìí. Àgbọn là ń wí o, kì í ṣe agbọ́n tó ń ta ni, kì í sì í ṣe agbọ̀n tí a fi ń kó ẹrù lọ sọ́jà.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, gbágùúdá, kájú àti igi emi ni. Ìgbà kan ṣoṣo ni òjò wa ń rọ̀ lọ́dún, tí ọyẹ́ bá sì dé, gbogbo nǹkan a gbẹ. Igi àgbọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ooru, ó fẹ́ omi káàkiri ọdún, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ iyanrìn etí òkun. Àwọn Potogí ló gbé e dé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti apá Òkun Íńdíà, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Títí di òní, Sèmè, Ouidah àti Grand-Popo ló ti pọ̀ jù ní Bẹ̀nẹ̀, bó ṣe pọ̀ ní Àgbádárìgì lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Èyí tí àwa ń rà, ọkọ̀ ẹrù ló ń gbé e gòkè bọ̀, tí yóò gba Bohicon, Dassa àti Ṣábẹ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí àgbọn ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń bá a bọ̀. Àwọn kan ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ibà sàn. Àwọn mìíràn ní ọmọ tó bá mu omi rẹ̀ yóò ya olódo nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì là ń gbọ́ nínú ọjà kan náà, nígbà mìíràn lẹ́nu ẹnì kan náà. Èrò tiwa ni pé àgbọn kì í ṣe ohun ẹ̀rù, kì í sì í ṣe oògùn gbogbo-ǹṣe. Oúnjẹ ni. Ẹni tó bá mú un bí oúnjẹ, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀; ẹni tó bá fi rọ́pò dókítà, ó lè fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi àgbọn tútù, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 100, bí 95 ló jẹ́ omi lásán. Ìyókù jẹ́ ṣúgà díẹ̀ àti àwọn èròjà bíi pọtásíọ̀mù, tí iṣan àti ọkàn wa nílò. Ní gíráàmù 100 omi náà, pọtásíọ̀mù tó wà níbẹ̀ tó mílígíráàmù 250, kálórì rẹ̀ kò sì ju bí 19 lọ. Fún ẹni tó ti oko dé nínú oòrùn oṣù kẹta, ó sàn ju ọtí ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà lọ fíìfíì.

Ẹran rẹ̀ yàtọ̀ sí omi rẹ̀. Gíráàmù 100 ẹran àgbọn tó ti gbó ní bí kálórì 354, ọ̀rá gíráàmù 33, àti okun oúnjẹ gíráàmù 9, èyí tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ìyẹn ni pé ó ń yó ni, ó sì ń fún ni lágbára. Ṣùgbọ́n èròjà tó ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀, kò ju bí gíráàmù 3 lọ. Nítorí náà, kò lè rọ́pò ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, tàbí wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi kún oúnjẹ ọmọ, ẹ má fi dípò oúnjẹ ọmọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé omi àgbọn ń sọ ọmọ di olódo, ilé wa náà kò ṣàì gbọ́ ọ. Ìyá àgbà wa kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹnu kàn án. Bí a bá ti fọ́ àgbọn, wọ́n á ní kí àgbàlagbà mu omi, kí àwọn ọmọ gba ẹran jẹ. Ohun tí ìyá tiwọn sọ fún wọn nìyẹn. A kò bá wọn jiyàn. A kàn bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, àwọn ọmọ Sèmè tí wọ́n ń mu ún láti kékeré ńkọ́? Ṣebí nínú wọn náà la ti ń rí tíṣà àti dókítà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn ará etí òkun lára ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn fúnra wọn ló pe èyí tó ti ń lọ sílé ìwé, wọ́n bu ìdajì kọ́ọ̀bù fún un, wọ́n ní kí ìwé má ṣe lọ lórí rẹ̀ o.

Kò sí ohun kan nínú omi náà tó lè pa làákàyè ọmọ. Bóyá àwọn àgbà fi èèwọ̀ náà dáàbò bo ohun tó ṣọ̀wọ́n ni, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ń jẹun dáadáa lè mu omi àgbọn. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù 6 ni kí a má fún, torí ọmú ìyá nìkan ló tó o. Ẹ má sì fún ọmọ kékeré tí eyín rẹ̀ kò tíì pé ní ẹran àgbọn líle, kó má baà há a lọ́fun. Ẹ rin ín fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Ní ìgbà ooru kan, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ aládùúgbò wa láti òwúrọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti rì wọnú. Ẹnì kan ní kí ìyá rẹ̀ wá àgbọn tútù, pé òun nìkan ló tó o. Kò sí àgbọn ní Sanson lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fẹ́ rán ènìyàn lọ sí Tchaourou. A ní, “Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ná, àgbọn á tẹ̀lé wa.” A gbé wọn sórí alùpùpù. Nọ́ọ̀sì po omi SRO, ó ní kí ìyá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì fún un ní oògùn zinc. Ọmọ náà yè.

Nọ́ọ̀sì wá la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi àti iyọ̀ jáde lára. Pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú omi àgbọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó láti dí èyí tó ti lọ. SRO ni wọ́n wọn iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ kí ara lè tètè gbà á: àpò kan sínú omi mímọ́ lítà 1, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò. Oògùn zinc, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró. Bí kò bá sí SRO nítòsí, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, nínú omi mímọ́ lítà 1, yóò mú wa dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, tí kò tọ̀, tí omi kò jáde lójú rẹ̀ nígbà tó ń sunkún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró wá àgbọn. Ẹ gbé e lọ.

Àwọn àgbàlagbà kan náà wà tó yẹ kó ṣọ́ra. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò lè tu pọtásíọ̀mù jáde bó ṣe yẹ, bó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da ọkàn rú. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó sọ omi àgbọn di mímu ojoojúmọ́, torí àwọn oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kí pọtásíọ̀mù jáde. Kò sì sí àgbọn tó ní kí ẹnikẹ́ni ju oògùn rẹ̀ nù. Ní ti àdí àgbọn tí wọ́n ń polówó kiri pé ó ń fọ ọkàn mọ́, ẹgbẹ́ American Heart Association ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 2017 pé ó máa ń mú kí ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ fi pa ara, ẹ fi pa irun, kó wọ ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; ẹ má fi ṣíbí mu ún bí àgbo.

Ó ti tó bẹ́ẹ̀ ní ti ìkìlọ̀, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Èyí tó rọrùn jù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: àgbàdo sísè àti àgbọn. Gààrí tútù náà ń bẹ, pẹ̀lú ẹ̀pà àti àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́. Àwọn ará wa ní Tógò ń fi àgbọn jẹ agbeli kaklo, èyí tí wọ́n fi gbágùúdá dín.

Bí ẹ bá fẹ́ wàrà àgbọn, ẹ rin ẹran àgbọn kan lórí irin tí a fi ń rin ilá. Ẹ da kọ́ọ̀bù 2 omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ fi ọwọ́ pò ó, ẹ fi asẹ́ tàbí aṣọ mímọ́ fún un. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ló ki. Ẹ tún da omi sí i, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ló ṣàn. Èyí tó ṣàn ni kí ẹ fi se ìrẹsì pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀. Nígbà tí ìrẹsì bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ da èyí tó ki sí i, ẹ dín iná kù kó má baà jóná. Kò nílò òróró mọ́, torí ọ̀rá ti wà nínú wàrà náà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ lè ṣe fún àsáró iṣu, iṣu tó jẹ́ pé àwa ni baba rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn Àgùdà ní Èkó sì ní fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi wàrà àgbọn pò, tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹja ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde.

Ẹ má da èyí tí ẹ ti fún omi rẹ̀ nù. Ẹ sá a sí oòrùn, ẹ yan án díẹ̀, ẹ wọ́n ọn sínú ògì àwọn ọmọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbọn ọ́n sétí, kí ẹ gbọ́ omi nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó gbẹ, kó má hu. Bí ẹ bá fọ́ ọ tó bá kan, tó ń yọ̀, tàbí tó ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kí owó rẹ̀ tó. Ní Denmark, ọkùnrin ẹni ọdún 69 kan mu díẹ̀ nínú omi àgbọn tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, tó sì ti wà lórí tábìlì fún oṣù kan láìwọ fíríìjì. Ó ní kò dùn lẹ́nu, kò mu ún tán, síbẹ̀ ó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Denmark tútù, tiwa gbóná. Nítorí náà, omi àgbọn tí a bá ti fọ́, ọjọ́ náà ni kí a mu ún. Wàrà rẹ̀ náà, ọjọ́ náà ni kí a sè é.

Ẹ̀yin ará Sèmè àti Àgbádárìgì, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ igi rẹ̀. Ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń sè é lọ́dọ̀ yín, kí àwa tí à ń dúró de ọkọ̀ ẹrù lè gbìyànjú rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà.