Bí Mo Ṣe Yan Ṣọ́ọ̀kì fún Ọkọ̀ Oko Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó ń kọ́lé ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mu pẹ̀lú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti gbájú mọ́ oko kòkó, ọkọ̀ Hilux àlòkù kan tí ó ní àyè ẹrù lẹ́yìn ni mo sì fi ń kó èrè oko wálé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà kú, ó di dandan kí n wá òmíràn fún un. Bí mo ṣe yàn wọ́n ni mo fẹ́ ròyìn.

Ọ̀nà oko wa gùn tó kìlómítà 14, kò sì sí ọ̀dà kankan lórí rẹ̀. Gbòǹgbò igi wà ní apá kan, àpáta wà ní apá kan, èyí tí ó gùn jù sì jẹ́ ilẹ̀ pupa tí táyà ọkọ̀ ti sọ di gẹ́gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́lẹ́ bí páànù tí a fi ń bo ilé. Bí òjò bá dé, àgbàrá a tún wa kòtò sí àárín rẹ̀. Àpò kòkó 10 ni mo máa ń kó lẹ́ẹ̀kan. Àpò kọ̀ọ̀kan wọn kílò 62.5, tí ó fi jẹ́ pé àpò 16 ni ó ń pé tọ́ọ̀nù kan. Àpò 10 sì jẹ́ kílò 625. Lọ́jọ́ ọjà, ìyàwó mi àti àwọn obìnrin abúlé máa ń bá mi jókòó nínú ọkọ̀ náà. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lójú mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ni ó ń gbé ẹrù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń kó sípíríǹgì níjàánu. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò, sípíríǹgì a sún kì, a sì tún ta padà. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun, yóò máa fò sókè sódò bí ọmọ ewúrẹ́ tí ó já okùn. Ọ́ìlì ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú písítìn tí ó ní ihò wẹ́wẹ́. Bí ọ̀pá rẹ̀ ti ń wọlé tí ó sì ń jáde, dandan ni kí ọ́ìlì gba inú ihò tóóró wọ̀nyí kọjá. Agbára ìfò náà a wá di ooru, afẹ́fẹ́ ìta a sì gbé ooru náà lọ. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Táyà tí kò sì tẹ ilẹ̀ kò lè gbọ́ràn sí bíréèkì tàbí sítíárì lẹ́nu.

Àmì ikú tiwọn hàn gbangba. Ọ́ìlì ti ṣàn sára méjì ẹ̀yìn, táyà ti jẹ ní ojú kan ju ojú kejì lọ, bí mo bá sì fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò mì tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dúró. Èyí tí ó yè a máa dìde lẹ́ẹ̀kan, a sì dúró jẹ́ẹ́.

Owó tí ó wà lọ́wọ́ mi kò pọ̀, òrùlé ilé tí a ń kó kòkó sí sì ń jò. Ìyàwó mi ní, “Baálé mi, ẹ ò ṣe ra tòkunbọ̀, kí á fi owó tó kù ra páànù?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ iye iṣẹ́ tí ó ti ṣe sẹ́yìn, a kò lè mọ iye tí ó kù tí yóò ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí òrùlé dúró de kòkó ọdún tí ń bọ̀, ó sì gbà.

Èmi àti mẹkáníìkì mi jọ lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó wà ní Agodi Gate ní Ìbàdàn. Kíá ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gbé èyí tí ó le jù lọ́wọ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká mú èyí. Irin ni, kò lè tẹ̀ láéláé.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ọmọ mi, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko.” Ṣọ́ọ̀kì tí ó bá le ju bí ó ti yẹ kì í jẹ́ kí táyà tètè tẹ̀ lé ojú ọ̀nà, orí gegele ni táyà yóò máa fò lé, gbogbo ìlù náà yóò sì máa ba egungun ọkọ̀. Mo rán an létí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya ní ọdún 1975 àti 1978. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà rọ̀, ó sì ń lọ sókè sódò gan-an, èyí sì wà lára ohun tí ó mú un yege lójú ọ̀nà búburú.

Ó wá ku oríṣi méjì tí mo ní láti yan ọ̀kan nínú wọn: onípáìpù kan àti onípáìpù méjì. Nínú onípáìpù kan, gáàsì náítírójìn wà ní apá kan, ọ́ìlì wà ní apá kejì, písítìn kékeré kan sì pààlà sí àárín wọn. Ooru tètè ń jáde lára rẹ̀, nítorí náà ó dára fún ẹni tí ń sáré lọ́nà jíjìn. Ṣùgbọ́n inú páìpù yẹn gan-an ni písítìn ti ń rìn. Bí òkúta bá lù ú tí ó tẹ̀ wọnú, písítìn yóò há. Onípáìpù méjì ní páìpù kan nínú èkejì. Bí òkúta bá tẹ ti òde wọnú díẹ̀, ti inú ṣì lè máa ṣiṣẹ́. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ọ̀nà gbágungbàgun bá pọ̀ jù, ọ́ìlì a gbóná, a dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, a sì hó bí omi ọṣẹ. Ọkọ̀ a wá máa fò bí ẹni pé kò ní ṣọ́ọ̀kì. Èyí ni wọ́n ṣe ń fi gáàsì náítírójìn rọ́pò afẹ́fẹ́ nínú àwọn kan. Èmi kì í sáré ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ lọ́nà oko, òkúta ibẹ̀ sì pọ̀. Onípáìpù méjì tí ó ní gáàsì, tí ara rẹ̀ sì nípọn, ni mo mú.

Mo tún rò ó pé òfìfo ni ọkọ̀ mi ń lọ, ẹrù ni ó ń gbé bọ̀. Èyí tí ó bá àpò 10 nìkan mu yóò máa gbọn wá jìgìjìgì ní àlọ. Èyí tí ó bá òfìfo nìkan mu kò ní lè kó sípíríǹgì níjàánu ní àbọ̀. Ti agbedeméjì ni mo rà. Mo sì fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ nígbà tí ó nà tán àti nígbà tí ó wọlé tán. Bí ó bá gùn jù, yóò kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kan rọ́bà ìdádúró; bí ó bá kúrú jù, táyà tí ó rọ̀ sínú kòtò yóò máa fà á bí okùn. Ẹni tí ó bá ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga sókè ní láti ra èyí tí ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a pààrọ̀, nítorí pé ọ̀tun àti òsì ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mẹkáníìkì mi gbé wọn nàró, ó fa ọ̀pá wọn wọlé jáde nígbà mélòó kan kí ó tó dè wọ́n. Ìgbà tí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí jáàkì ni ó tó fún bóòtù wọn pinpin, kí rọ́bà ibẹ̀ má baà lọ́ pọ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì ń mì lójú ọ̀nà wa, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀kì tí ó lè sọ kòtò di ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bíréèkì pẹ̀lú àpò 10 lẹ́yìn, ó ń dúró níbi tí mo fẹ́, àwọn obìnrin tí mo ń gbé kò sì di àga mú tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí yóò máa gbà, kí ó mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ó tó bi ọlọ́jà léèrè iye owó.