Bí Táńkà Bá Gbókìtì ní Ìlọrin, Ta Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé?

Bí ẹ bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ wá sí Ìlọrin, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ èrò nìkan ló ń gba ọ̀nà náà. Táńkà tó gbé epo láti Èkó, tírélà tó ru sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ tó kó màlúù àti tòmátì láti Òkè Ọya, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọ̀nà yìí ló ti Ìbàdàn wá, òun ló wọ Ìlọrin, òun náà ló jáde lọ sí Jẹ́bà, níbi tí wọ́n ti ń gba orí afárá kọjá odò Ọya. Ohun rere tó ń mú wọ ìlú pọ̀, ṣùgbọ́n ewu tó ń bá a rìn kò kéré.

Ìbéèrè tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn táńkà wọ̀nyí gbókìtì, tí iná sọ, tí ènìyàn bí 40 fara pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ ambúláǹsì tó wà nílẹ̀ kò sì tó nǹkan, báwo ni wọ́n ṣe ń pín ìwọ̀nba tó wà? Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan lèyí. Ìwọ̀nba ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn, àwa ará àdúgbò lè jẹ́ kó tó, àwa náà sì lè jẹ́ kó má tó. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà wọ ìlú, ká máa wo bí nǹkan ṣe ń lọ.

Pápákọ̀ òfurufú: ọbẹ̀ tí a kì í bù tán

Kí ẹ tó wọ ìgboro, apá ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin wà. Gbogbo pápákọ̀ tí bàálù èrò ń balẹ̀ sí ló gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ panápaná tirẹ̀. Ìlànà àgbáyé sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lò ju ìṣẹ́jú 3 lọ kí wọ́n tó dé ibikíbi lórí ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Bí iná bá wá ń jó ní ọjà kan láàárín ìlú, ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan á máa pariwo pé, ‘Kí ló dé tí wọn ò gbé ti pápákọ̀ wá?’ Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ náà bá jáde, bàálù tó ń bọ̀ lójú ọ̀run kò ní ẹni tí yóò dúró dè é. Wọ́n ní láti dín àwọn bàálù tó lè balẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ dá wọn dúró ná, kí wọ́n tó lè yọ̀ǹda rẹ̀.

Òfin kan náà ló de àgọ́ panápaná tó wà nígboro. Bí ọkọ̀ 3 bá wà nílẹ̀, tí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi iná kan, kí ni wọn yóò ṣe bí gáàsì ìdáná bá bú gbàmù ní Tanke tàbí ní Fate láàárín wákàtí kan náà? Ìyàwó ilé tó bá bu gbogbo ọbẹ̀ inú ìkòkò fún àlejò àkọ́kọ́, kí ni yóò fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ kan sílẹ̀, tí àwọn panápaná ìpínlẹ̀ Kwara á sì ké sí ti ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọkọ̀ kan tó dúró ní àgọ́ nígbà tí iná ń jó níbòmíràn, ẹ má tètè bú wọn. Ó lè jẹ́ ilé tiyín ló ń dúró dè.

Ọjà-Ọba: omi inú ọkọ̀ kì í pẹ́ tán

Láti Geri-Alimi, ẹ ti ń súnmọ́ àárín ìlú nìyẹn. Ní agbègbè Ọjà-Ọba, níbi tí ààfin Ẹ́míà àti mọ́sálásí ńlá wà, àti ní àwọn agbo ilé àtijọ́ bíi Pàkátà àti Òkèlele, ilé súnmọ́ ilé, ògiri fara ti ògiri. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló lè gbà á kọjá. Ọkọ̀ panápaná kò lè wọ ibẹ̀, ẹ̀yìn òde ni yóò dúró sí, tí wọn yóò máa fa rọ́bà omi wọlé.

Ẹ wá bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ọkọ̀ kan bá gbé omi 5,000 lítà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tú 1,000 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 5 péré ni omi náà yóò lò. Ohun tó ń fà á nìyí tí àwọn èrò fi ń sọ pé, ‘Wọn ò tilẹ̀ gbé omi dání.’ Wọ́n gbé e dání, ó ti tán ni. Ẹni tó ń ṣètò iná ńlá kò kàn ń ka ọkọ̀ tó ń pa iná, ó ń ka èyí tó ń lọ bu omi, ó ń ka èyí tó ń bọ̀, ó sì ń ka ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Bí tábìlì ọlọ́jà àti ọkọ̀ àwọn tó wá wòran bá dí ọ̀nà yẹn pa, ọkọ̀ 10 kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ kan.

Iná epo bẹntiróòlù tún ní ti ẹ̀ ọ̀tọ̀. Omi lásán kì í pa á, ṣe ni epo máa ń léfòó lórí omi tí iná á sì máa bá a lọ. Fóòmù ni wọ́n ń dà bò ó. Fóòmù kì í sì í pọ̀ nílẹ̀, nítorí náà orí epo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún, tí wọ́n á sì fi omi tu àwọn ilé tó wà nítòsí lára kí iná má bàa ràn wọ́n.

Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá dé, ẹ ó rí ọ̀gá wọn tí kò fọwọ́ kan rọ́bà. Ó ń wò yíká, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Iṣẹ́ tó tóbi jù ló ń ṣe yẹn. Òun ni yóò sọ fún àwọn tó kù ohun tó ń jó, iye ènìyàn tó fara pa, iye ọkọ̀ tí wọ́n nílò, àti ibi tí kí wọ́n gbà wọlé. Ẹ rántí ilé alájà 24 tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower ní London, tó jóná ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Ọkọ̀ 4 ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn ibẹ̀ ń dé, wọ́n fi kún un títí ó fi di 40. Síbẹ̀ náà, ènìyàn 72 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Bí ìlú tó ní tó bẹ́ẹ̀ bá lè rí irú èyí, ẹ ó mọ̀ pé àwa tí tiwa kò tó nǹkan kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò.

Ẹni tó ń ké kọ́ ló burú jù

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fara pa ló kàn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo bá fara pa, gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì ló lè dúró tì í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ènìyàn 40 bá wà nílẹ̀, ìlànà yí padà: ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹ̀mí tó pọ̀ jù lọ yóò ṣe là. Yíya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará California ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀nà kan tó rọrùn ní 1983, tó ti káàkiri ayé báyìí. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ kígbe pé kí gbogbo ẹni tó bá lè rìn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn wọ̀nyẹn, àwọ̀ ewé ni tiwọn, wọ́n lè dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ní lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹnì kan. Ṣé mímí rẹ̀ ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń káàkiri ara rẹ̀? Ṣé ó lè ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, bíi pé kó di ọwọ́ wọn mú? Ẹni tí ọ̀kan bá kù díẹ̀ káàtó nínú ìwọ̀nyí, àwọ̀ pupa ni, òun ni ọkọ̀ ń kọ́kọ́ gbé. Ẹni tí kò lè rìn ṣùgbọ́n tó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọ̀ ìyeyè ni tirẹ̀. Ẹni tí kò mí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọrùn rẹ̀ ṣe kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, àwọ̀ dúdú ni.

Ó dunni láti gbọ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì fún yín: ẹni tó ń ké jù kọ́ ló sábà máa ń burú jù. Ẹni tó ń ké ń mí. Ọmọ kékeré tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan, tó ń sín òógùn tútù, ó lè jẹ́ òun ni ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ lọ. Bákan náà, ọkọ̀ ambúláǹsì tó kọ́kọ́ dé kì í sábà gbé ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí kó sì sá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ló ń ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ títí ọkọ̀ míì fi dé. Bí ẹ bá fipá gbé ẹnì kan jù sínú ọkọ̀ wọn pé kí wọ́n máa lọ, ẹ ti gba ojú àti etí lọ́wọ́ àwọn tó kù.

Lẹ́yìn odò Asà: ọsibítù kan kò lè gba gbogbo ènìyàn

Ẹ jẹ́ ká gba orí afárá kọjá odò Asà, ká gba Marábà àti Sango lọ sí Òkè-Òsé. Níbẹ̀ ni ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin wà báyìí. Inú ìgboro ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980 kí wọ́n tó kó o lọ síbi tó wà. Jẹ́ńẹ́rà Ọsibítù wà nínú ìlú, ọsibítù Sobi náà wà ní apá tirẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn ti aládàáni.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àánú wa máa ń mú wa ṣe ni pé ká gbé ẹni tó bá rọrùn láti gbé sórí ọ̀kadà tàbí sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ká sì kó gbogbo wọn dà sí ọsibítù tó súnmọ́ jù. Ta ló rọrùn láti gbé? Ẹni tó lè jókòó ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọn kò fara pa púpọ̀ ṣe ń kọ́kọ́ kún bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà á máa rán apá tó ya, tí àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ á wá dé nígbà tí kò sí àyè mọ́. Bí ó ṣe yẹ kó rí ni pé kí àwọn tó burú jù lọ síbi tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà, kí àwọn tó lè dúró díẹ̀ lọ sí ọsibítù tó jìnnà tàbí tí kò ní èrò. Ká pín wọn, ká má kó wọn jọ sójú kan.

Ẹ tún mọ̀ pé òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Òfin ọdún 2017 sì sọ pé ẹni tí ìbọn bá bà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá.

Òkè-Oyì dé Pátígì: ibi tí ọkọ̀ kò lè tètè dé

Bí ẹ bá kọjá Òkè-Òsé tí ẹ sì ń bá ọ̀nà Jẹ́bà lọ, ẹ ó dé Òkè-Oyì, níbi tí ìjọba kọ́ ibùdó epo rọ̀bì tí wọ́n ti sẹ́ sí. Ẹ kíyè sí i pé ojú ọ̀nà kan náà ni ibùdó yìí àti ọsibítù tó tóbi jù wà. Bí táńkà bá dí ọ̀nà náà pa, ọ̀nà ọsibítù ló dí pa. Ọ̀nà kejì ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Ẹ jẹ́ ká yà kúrò lójú ọ̀nà yìí lọ sí Pátígì, tó wà létí odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Kwara kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ènìyàn ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òdìkejì odò, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ọkọ̀ ojú omi wọn kún àkúnjù, ó dà nù lóru, ó sì lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ìlọrin jìnnà sí ibẹ̀. Àwọn ará abúlé ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi láti yọ àwọn ènìyàn, kò sí ẹlòmíràn tó lè dé ní wákàtí yẹn. Ohun tí Pátígì kọ́ wa ni pé pínpín kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ibi tí a kò bá ti gbé ọkọ̀, jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tàbí ẹni tó kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ sí tẹ́lẹ̀, kò sí bí a ṣe lè sáré gbé e débẹ̀ nígbà tí omi ti ń gbé ènìyàn lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti ilé

Ẹ kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé ìdáná: 112 fún pàjáwìrì gbogbo, 122 fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ lọ gba nọ́ńbà àgọ́ panápaná tó súnmọ́ yín náà. Bí ẹ bá pè, ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú àmì tí àlejò lè mọ̀, ohun tó ń jó, iye ènìyàn tó fara pa, àti ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan ni kí wọ́n rán tàbí márùn-ún.

Bí táńkà bá ṣubú, ẹ má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì lọ. Ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó lé ní 150 ènìyàn tó kú níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n epo. Ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó tún lé ní 80.

Ẹni tí iná bá jó, ẹ bọ́ òrùka rẹ̀, ẹ máa da omi tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ ojú ibẹ̀ gidigidi, ẹ má jáwọ́.

Bí ara yín bá le, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là, èyí tí a ń sáré wá kò lè tètè dé. Àwọn ọlọ́jà, ẹ fi ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ kò bá sì ní iṣẹ́ kankan níbi ìjàǹbá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà. Ìyẹn nìkan náà ti jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá fún ẹni tó ń ka ọkọ̀ mẹ́ta sí ènìyàn 40.