Mo dé Ládípọ̀, mo rí i pé ọ̀dà kì í wo ríìmù tó sán

Lọ́sẹ̀ yìí, ìrìn àjò gbé mi dé Ládípọ̀ ní Múṣín, l'Ékòó. Ohun tójú mi rí níbẹ̀ kò ṣeé dá jẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá rò fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, ló rán mi níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé fi Mẹ̀sí kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot, tí àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1984. Ọkọ̀ náà ló fi ń kó ọjà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún bíi màṣíìnì ìránṣọ, ṣùgbọ́n ríìmù àlọ́ì ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bàjẹ́. Ọ̀dà wọn ń bó bí ìgbà tí ejò bá ń bọ́ awọ, ibi tó bó sì ti hu funfun. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, mi ò lè gbé ọkọ̀ tó wọ bàtà tó ya lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ mi o. Bá mi wá ẹni tó máa tún un ṣe."

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ríìmù yẹn kì í ṣe ti àtilẹ̀wá. Kòtò ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ni ẹnì kan bá ta òmíràn fún un, ó ní Belgium pọ́ńbélé ni. Láti ọjọ́ náà ni stíárì ti ń gbọ̀n bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Táyà ẹsẹ̀ yẹn náà a sì máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò síṣòó níbẹ̀. Fọkanáísà á fẹ́ ẹ, yóò tún dẹ̀. A kàn ń fẹ́ ẹ ni, a ò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ gbéra ní Ìwó Road láàárọ̀ kùtù. A gba Toll Gate kọjá, ibi tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló kù nínú ọ̀rọ̀ owó bodè mọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yìí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, dùn ún sáré lé lórí níbi tí wọ́n ti tún un ṣe. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. A kọjá Ògùnmákin, a kọjá Ògèrè níbi tí àwọn tírélà tò sí bí màlúù tó ń sinmi, a dé Mọ́wé, a dé Ìbafo, stíárì ń gbọ̀n gìrìgìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. A ò mọ ohun tí a jókòó lé.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ládípọ̀, kò tíì mọ̀ pé ọkọ̀ náà ní ìfun. Tí ẹ bá kúrò l'Óṣòdì, tí ẹ gba ọ̀nà Àpápá, ẹ sọ̀ ní Toyota tàbí Five Star, ẹ ti débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rèé nílẹ̀ bí iṣu lójú pẹpẹ, ilẹ̀kùn ọkọ̀ rèé lára ògiri, iná iwájú rèé lórí àtẹ bí ẹyin. Ọmọ Íbò pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, èdè wọn ti lọ́ mọ́ra. "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá? Ó wà níbí!" Wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fà yín láṣọ ya. Ohun tó bá ti òkè òkun dé tó jẹ́ àlòkù, Belgium ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ Jámánì ló ti wá. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tuntun ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ ògbólógbòó di tuntun fi ń rí iṣẹ́ ṣe.

Bàbá kan ni wọ́n júwe fún wa. Bàbá Ríìmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n ti gbé ọkọ̀ wa lórí jáàkì, tí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò wọ́n, ó ní, "Ṣé kí n kùn ún ni, àbí kí n tún un ṣe?" Mo ní ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ máa wò ó."

Ó ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tó fúyẹ́ nílé yín náà ni wọ́n fi ṣe ríìmù yìí, àlúmíníọ̀mù ni, àmọ́ wọ́n lú u pọ̀ mọ́ èròjà mìíràn kó lè le. Irin wúwo tó o ní ìlọ́po mẹ́ta, díẹ̀ ló fi dín. Àwọn Bugatti ilẹ̀ Faransé ti fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sáré ìdíje láti ọdún 1924. Irin ń dípẹtà pupa, àlúmíníọ̀mù ní tirẹ̀ a máa hu funfun bí ìyẹ̀fun. Bí òkúta bá ha ọ̀dà rẹ̀ níbì kan, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ìyẹ̀fun yẹn á máa rìn lábẹ́ ọ̀dà bí ekòló. Bí ẹ bá wá kun ọ̀dà tuntun lé e lórí, oṣù díẹ̀ ni, yóò tún gbé e dànù.

Nítorí náà, gbogbo ọ̀dà àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò. Fọkanáísà kọ́kọ́ bọ́ táyà, ó yọ fáàfù, ó yọ òjé tí wọ́n fi ṣe báláǹsì. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ èérí bíréèkì kúrò. Bàbá wá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn tí ń ṣí ọ̀dà, ó fi ọ̀rá bò ó kó má baà gbẹ. Kò pé ìdajì wákàtí tí ọ̀dà náà fi wú, ó hun jọ bí awọ ojú ẹ̀kọ tó tutù. Igi pẹlẹbẹ ló fi ń họ ọ́, kì í ṣe irin, kó má baà dá ọgbẹ́ sí i lára. Gbangba ìta ló ti ń ṣe é. Ó ní òórùn oògùn yẹn lè pa ènìyàn nínú yàrá tó sé. Òótọ́ ni. Irú kan nínú rẹ̀ ti pa àwọn tó lò ó nínú ilé ìwẹ̀ l'Amẹ́ríkà, títí ìjọba wọn fi ní lọ́dún 2019 pé kí wọ́n má tà á fún àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn mọ́.

Mo bi í pé ṣé sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ kò lè ṣe é, torí ìyẹn kò wọ́n. Ó ní, "Háà! Ẹ bi àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ bóyá wọ́n jẹ́ bù ú sínú ìkòkò àlúmíníọ̀mù." Ẹ̀yin ìyá ọlọ́ṣẹ, ẹ mọ̀ ọ́n. Yóò máa hó ṣùrùṣùrù, yóò sì jẹ ìkòkò náà lu. Bó ṣe máa jẹ ríìmù nìyẹn. Ó tún ní àwọn kan wà tó ń finá sun ọ̀dà kúrò. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó ń kìlọ̀ fúnni. Àlúmíníọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n lójú ọ̀sán kó tó yọ́. Kó tó dé ibi yíyọ́ rárá, iná ti gba agbára ara rẹ̀, ojú kò sì ní rí i.

Ìgbà tí ọ̀dà kúrò tán ni ọ̀rọ̀ dé. Bàbá fi kẹrosíìnì pa inú ríìmù kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kó jókòó díẹ̀, ó nù ún gbẹ pátápátá. Ó wá lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó fi pa á lára, ó ní ká dákẹ́ ká máa wò ó. Ìkíní funfun. Ìkejì funfun. Ìkẹta funfun. Ìkẹrin, èyí tí wọ́n pè ní Belgium pọ́ńbélé, ìlà tútù kan rọra yọ jáde nínú ẹfun náà, ó tínrín bí okùn irun, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Kẹrosíìnì tó wọnú ibi tó sán ló ń padà bọ̀. Nígbà tí ó họ ibẹ̀ dáadáa, a rí i pé wọ́n ti jó o rí, wọ́n fáìlì rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n fi bódì fílà dí i, wọ́n kùn ún, wọ́n tà á fún opó.

Orí mi wú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Òun ló ń gbọ̀n. Òun náà la sì fi sáré láti Ìbàdàn! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí táyà, kò lè sọ̀rọ̀.

Níbi tí a wà, ọkùnrin kan láti ìsọ̀ kejì sún mọ́ wa. Ó ní ká ta ríìmù náà fún òun, òun á jó o, òun á kùn ún. Owó tó pè dára. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, torí owó rẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, bí mo bá ká aṣọ tó ya sínú tí mo tà á, kí ni oníbàárà máa pè mí? Aṣọ tó ya, ìtìjú lásán ni. Ta ló máa jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá fi èyí sí? Ẹ fọ́ ọ." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ńlá ni o." Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ fọ́ ọ."

Bàbá gbé òòlù ńlá, ó fọ́ ọ mẹ́ta. A tà á fún àwọn tó ń ra àlúmíníọ̀mù àlòkù, tí wọ́n ń yọ́ ọn ṣe ìkòkò. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún wa.

A wá wọ inú ọjà lọ wá òmíràn. Bàbá ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn tiwa, 6½J × 15, ó ní kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́jà kan kọ̀, ó ní ká má dán an wò, a kọjá. Ti ẹlòmíràn ní ìlà lára. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dára.

Ìyókù kò le. Wọ́n fi sáńpépà olómi yún un, láti èyí tó gan dé èyí tó kúnná. Wọ́n fi páráímà tó ń di àlúmíníọ̀mù mú kùn ún, torí ọ̀dà lásán kì í dúró lára rẹ̀. Wọ́n fín sílífà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbẹ, wọ́n tún fín, wọ́n wá fi kílíà bò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá fi pépà bo ojú ihò bóòtì àti ibi tí ríìmù ti ń kan ara ọkọ̀. Ó ní ọ̀dà tó bá nípọn níbẹ̀ máa fọ́ tó bá yá, bóòtì á sì tú lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sun ilé ìbátan wa n'Ísọlọ̀ kí ọ̀dà lè le dáadáa.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a dúró ní Ògèrè, a tún bóòtì fún, bí Bàbá ti pàṣẹ. Stíárì kò gbọ̀n mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ríìmù tuntun yẹn, ó ní, "Èyí ńkọ́, ẹ ti rí inú ẹ̀?" Mo ní, "A ti rí inú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí táyà yín bá ń dẹ̀ láìníṣòó, bí stíárì bá ń gbọ̀n tí báláǹsì kò wò ó, ẹ bọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jó ríìmù tó sán, tí ẹ ń fi ọ̀dà bò ó, ẹ ṣe é tán, ẹ gbé e fún ọmọ tiyín kó wà á dé Ìbàdàn. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ́ ọ.

Èyí tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ kọ ọ́ sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.