Inú Ta Ló Sùn Sí?

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni bírò pupa yẹn gé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú pé àbúrò màmá mi "sùn nínú Olúwa", bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí ìwé náà padà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, wọ́n ti fa ìlà la "nínú Olúwa" já. Wọn ò fọwọ́ kan "ó sùn". Ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ̀wé ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, gbé ìwé náà sún mọ́ iná, ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n kúkú fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn 'sùn' ni, àbí kí n fi àyè sílẹ̀?"

Mo ní kó fi àyè sílẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sùn, ó níbi tó sùn sí. Bí kò bá sùn nínú Olúwa, inú ta ló sùn sí?

Bọ̀dá Onídùùrù là ń pè é. Ogún ọdún ó lé ló fi tẹ dùùrù fún ìjọ. Inú Lẹ́ńtì ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀, nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ilé wa kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́ báyẹn. A ní "nǹkan ṣẹlẹ̀", a ní "ó ti lọ". Àwa Yorùbá kúkú ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí í gbà lẹ́nu ara wa tipẹ́. Nígbà tí ayé ní Ṣàngó so, àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọba ò so. Irọ́ àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ ọba ni mo máa ń kà á sí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó kan ilé wa ni mo gbọ́ ẹkún tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ṣàlàyé fún màmá mi pé kì í ṣe ìkà ni àwọn fi ṣe é. Ó ní ẹni tó bá kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ráyè ronú pìwà dà, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Ó dárúkọ Júdásì. Màmá mi dákẹ́. Èmi ni mi ò lè dákẹ́, mo lọ ṣí Bíbélì, mo ń wá àwọn yòókù kiri. Mo bá Sọ́ọ̀lù tó ṣubú lé idà ara rẹ̀. Mo bá Sámsọ́nì tó ní kí òun kú pẹ̀lú àwọn Fílístínì, tí ìwé Hébérù orí 11 sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó fi ìgbàgbọ́ ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n Áhítófẹ́lì ló dá mi dúró, olùdámọ̀ràn Dáfídì tó kẹ̀yìn sí i. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 17, sọ pé ó lọ sílé, ó ṣètò ilé rẹ̀, ó so, wọ́n sì sin ín sí ibojì bàbá rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Kò sí èpè, kò sí ìdájọ́. Wọ́n gbé e lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ka ẹsẹ yẹn títí ojú fi ń dùn mí.

Níbo wá ni bírò pupa ti wá? Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ti 1662, tí ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà wa náà ti inú rẹ̀ ṣẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n má ka ètò ìsìnkú fún ẹni tó bá gbé ọwọ́ ikú lé ara rẹ̀. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1917 náà sọ ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1983, wọn ò dárúkọ irú òkú bẹ́ẹ̀ mọ́, Katikísímù wọn ti 1992 sì sọ pé ìdààmú ọkàn tó le lè dín ẹ̀bi ẹni náà kù, pé ká má sọ̀rètí nù lórí ìgbàlà rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ní ọ̀nà tí òun nìkan mọ̀. Bó ti wù kó pẹ́ tó, àánú wá.

Àmọ́ bí èèyàn bá tọ ẹ̀kọ́ náà lọ sẹ́yìn dáadáa, ọ̀dọ̀ Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ni yóò bá a. Ibẹ̀ sì ni ẹnu ti yà mí. Ní ọdún 410, ogun Goth wọ Róòmù, wọ́n kó ìlú, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò. Róòmù ní ìgbàgbọ́ tiwọn tó jọ "ikú yá ju ẹ̀sín" wa: láti ayébáyé ni wọ́n ti ń yin Lucretia, obìnrin tí wọ́n fipá bá lò tó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ayé wá ń wo àwọn obìnrin tó ṣẹ́kù bí ẹni tó yẹ kó ti kú. Àwọn ni Augustine dúró fún nínú ìwé rẹ̀ nípa Ìlú Ọlọ́run. Ó ní ìtìjú náà kì í ṣe tiyín. Ó ní òfin tó ní ká má pànìyàn kan ẹ̀yin náà, ẹ má pa ara yín. Nípa àwọn tó ti kú, ó béèrè pé èwo nínú ọmọ aráyé tó láàánú lójú ni kò ní fẹ́ dárí jì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kí obìnrin kan lè jí lọ́la ni wọ́n wá gbé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú.

Mo ti fẹ́ kọ gbogbo èyí sí àwọn àgbà ìjọ ní lẹ́tà, kí n tò ó bí agbẹjọ́rò. Dùùrù ni kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Nínú ètò ìsìnkú yẹn kan náà, wọn ò gé orin tí a fẹ́ fi gbé òkú jáde. William Cowper ló kọ ọ́, orin nípa ọ̀nà ìyanu tí Ọlọ́run ń gbà ṣiṣẹ́. Cowper gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti 1773 títí ó fi kú ní 1800, ó dá a lójú pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni lára wọn mọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí Bọ̀dá mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, tí mò ń bá a ṣí ìwé. Ó máa ń bọ́ bàtà kó tó tẹ pátákó ẹsẹ̀. Sọ́kìsì aláwọ̀ eérú ló máa ń wọ̀, ìka ńlá ẹsẹ̀ ọ̀tún ti já a. Tó bá kan orin yẹn, á rọra tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Má sáré nínú eléyìí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ òkùnkùn." Mo ní òkùnkùn wo? Ó ní, "Ṣí ìwé."

Lẹ́ńtì yẹn, Sọ́ńdè mẹ́ta tẹ̀léra ni kò wá. Ìjọ rí ọmọkùnrin kan tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀, ìsìn ń lọ. Èmi náà fi "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà dá mi lóhùn. Ọkàn mi balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ìsìnkú, màmá mi jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bírò búlúù, ó ń kọ "nínú Olúwa" sínú àyè tí onítẹ̀wé fi sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá a kọ lára rẹ̀. Ẹ̀dà 200 ni. Ọwọ́ wa ro. Inú mi dùn sí i nígbà náà, ó ṣì ń dùn sí i dòní, mo sì gbàgbọ́ pé òótọ́ ni a kọ. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá kò ka ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi, wọ́n kọ́ wa ní ìbéèrè tí onítúbú ìlú Fílípì bi Pọ́ọ̀lù àti Sílà, pé kí ni kí òun ṣe kí òun lè rí ìgbàlà. Àkọ́sórí ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé idà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà ni. Ó rò pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti sá, ó sì fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nínú òkùnkùn ni Pọ́ọ̀lù ti lọgun pé kó má pa ara rẹ̀ lára, pé àwọn wà níbẹ̀, gbogbo àwọn. Kò wàásù ọ̀run àpáàdì fún un. Ibi tí àwọn wà ló sọ fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ìgbàlà tó jáde lẹ́nu onítúbú náà. Ní wákàtí òru yẹn kan náà, ó wẹ ọgbẹ́ wọn, ó mú wọn wọlé, ó gbé oúnjẹ síwájú wọn.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì sí ilé Bọ̀dá, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Mo ti rìn ín lẹ́yìn ìgbà náà, mo wo aago.